Ẹ Gbé Fóònù Lé Ọmọ Yẹn Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ìyálé ilé Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ mi kò ní dùn létí.

Lóṣù tó kọjá, mo fi fíìmù kan han àwọn kan nínú yín ní Ìyànà-Ìbà. La Noire de… lorúkọ rẹ̀. Ousmane Sembène, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, ló gbé e jáde lọ́dún 1966. Dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kò sì ju bíi wákàtí kan lọ. Nínú fíìmù náà, wọ́n mú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Diouana kúrò ní Dakar lọ sí Antibes nílẹ̀ Faransé, ó rò pé ọmọ lòun fẹ́ lọ tọ́jú. Ó débẹ̀, ó di alásè, ó di alágbàfọ̀, ó di agbálẹ̀. Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò mọ̀wé, ọ̀gá rẹ̀ ló kà á fún un. Ọ̀gá yìí kan náà mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì lórúkọ Diouana láì bi í ní ohun tó fẹ́ sọ. Inú yàrá ìwẹ̀ wọn ni Diouana ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ẹ sunkún. Mo rí yín. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú yín dúró sẹ́nu ọ̀nà títí fíìmù fi parí, ó pọn ọmọ yín sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó jókòó.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wà nílé ìyálé ilé náà nígbà tí fóònù dún láti Àjàṣẹ́, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìyá ọmọ ọ̀dọ̀ náà ni. Ìyálé ilé gbé e, ó ní, "Ara ẹ̀ le, ó ti sùn." Ọmọ tí wọ́n ní ó ti sùn wà níwájú wa, ó ń fọ ìkòkò, ọṣẹ dé ìgúnpá rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú fóònù. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú omi. Kò yíjú padà.

Ṣadé ni wọ́n ń pè é, torí wọ́n ní orúkọ Ẹ̀gùn tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nira láti pè. Ta ló fún yín láṣẹ? Ó ń gbé báàgì ọmọ yín dé ẹnu géètì ilé ìwé, ibẹ̀ ló ti ń padà, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba l'Ékòó, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé sì ti wà ní ìpínlẹ̀ yìí láti 2007. Ẹ̀jẹ́ǹtì ló ń wá gba owó iṣẹ́ rẹ̀, òun kò fojú kan kọ́bọ̀.

Ẹ ní ẹ ń bọ́ ọ. Ṣé oúnjẹ nìkan ni ìyá rẹ̀ fi rán an wá bá yín? Nígbà tí ọ̀gá Diouana gbé owó lọ fún ìyá rẹ̀ ní Dakar lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìyá náà kọ̀ ọ́.

Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ti ọmọ yìí kò tilẹ̀ jìn: títì Badagry tó gba iwájú ilé yín kọjá náà ló lọ bá Sẹ̀mẹ̀, Àjàṣẹ́ kò sì jìnnà sí Sẹ̀mẹ̀. Lálẹ́ òní, ẹ pe ìyá rẹ̀, ẹ gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì jáde kúrò nínú yàrá.