Ọ̀tọ̀ ni Kí A Mọ Ìṣirò, Ọ̀tọ̀ ni Kí A Mọ̀ Ọ́n Kọ́ Ọmọ

Ẹni tó bá ní ọmọ nílé ìwé ní Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó tàbí Èkìtì kò nílò ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣàlàyé fún un pé nǹkan ti bàjẹ́ lórí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ó ń rí i nínú iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ rẹ̀. Ó ń rí i nínú owó tíṣà ìrọ̀lẹ́ tó ń san lẹ́yìn owó ilé ìwé. Ó ń rí i nígbà tí ọmọ tó mọ gbogbo iṣẹ́ yòókù bá ń tún ìdánwò WAEC ṣe lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ìṣirò nìkan. Gbogbo wa la mọ ohun tó fà á: kíláàsì kún àkúnya, owó oṣù kò tó ná, láàbù ti di ibi tí wọ́n ń kó àga tó kán sí. A ti sọ ìyẹn títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ohun tí ìwé pẹlẹbẹ yìí wá bá jà ni èsì kan tí a máa ń gbọ́ nígbàkígbà tí a bá ní kí ìjọba kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́ dáadáa. Wọ́n á ní: kí la tún fẹ́ kọ́ wọn? Ẹni tó bá mọ ìṣirò lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Àwọn tó kàwé ẹ̀rọ jáde ní yunifásítì pọ̀ nílẹ̀ tí wọn kò níṣẹ́. Ẹ kó wọn sí kíláàsì, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọ̀rọ̀ kò bùṣe rárá. Gbogbo wa la ní irun lórí, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo wa ni onígbàjámọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò dé ìdí. Wọ́n ní kí ọmọ ọdún mẹ́wàá ro ìdajì pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn ½ + ⅓. Ó kọ 2/5 sílẹ̀. Ẹni tó kàwé ẹ̀rọ, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ níṣẹ́ ìkọ́ni, yóò fa igi pupa sí i, yóò sì ka òfin fún ọmọ náà: wá nọ́ńbà tí méjì àti mẹ́ta jọ lè pín, fi ṣe ìsàlẹ̀, ìdáhùn rẹ ni 5/6. Bí kò bá yé ọmọ, á tún òfin kan náà kà, á gbé ohùn sókè. Lẹ́yìn ìyẹn, pàṣán ló kù. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ gbà mọ̀ ọ́n nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò ya òpè. Ó ronú. Ó rí nọ́ńbà méjì lókè, ó rò wọ́n pọ̀; ó rí méjì nísàlẹ̀, ó rò wọ́n pọ̀. Ohun tí kò tíì yé e ni pé ½ kì í ṣe nọ́ńbà méjì tó gun ara wọn, iye ẹyọ kan ni. Olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ ti mọ̀ pé àṣìṣe yìí ń bọ̀ kó tó dé, nítorí pé ọmọ káàkiri ayé ló ń ṣe é. Kò ní pariwo. Yóò béèrè pé, nínú ìdajì búrẹ́dì àti 2/5 búrẹ́dì, èwo ló tóbi jù? Ọmọ yóò gé e wò, yóò rí i pé 2/5 kò tó ìdajì. Báwo wá ni a ṣe mú ìdajì, tí a fi nǹkan kún un, tó sì dín kù? Ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò pa ìdáhùn rẹ̀ rẹ́. Ìmọ̀ tó bí ìbéèrè yẹn kò sí nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kíkọ́ ni wọ́n sì ń kọ́ ọ, bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo ń sọ, ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ní ọdún 1999, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Liping Ma tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Ṣáínà. Nínú ìwádìí náà, wọ́n ní kí olùkọ́ 23 ní Amẹ́ríkà àti 72 ní Ṣáínà fi ½ pín 1¾, kí wọ́n sì gbé ìtàn kan kalẹ̀ tí ọmọ á fi rí ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ṣe. Gbogbo àwọn ará Ṣáínà ló rí ìdáhùn, 3½. Nínú àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn tó ṣe é yọrí kò tó ìdajì. Lórí ìtàn, 65 nínú 72 ní Ṣáínà ló mú èyí tó yè kooro wá; ní Amẹ́ríkà, ẹyọ ẹnì kan péré ni. Ìtàn náà kò jìnnà sí ọjà wa: bí gàrí kóńgò kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin bá wà nínú abọ́, tí a sì ń bù ú ní ààbọ̀ kóńgò, ìgbà mélòó la ó bù ú? Ìgbà mẹ́ta, ó sì ku ìdajì ìbù kan. Ibi tó yẹ kí ojú ti àwọn tó ń fún wa ní èsì yẹn ni èyí: àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀nyẹn ló gboyè yunifásítì. Àwọn ará Ṣáínà kò dé yunifásítì. Wọ́n lo ọdún mẹ́sàn-án nílé ìwé, wọ́n fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta kọ́ṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ni pé wọ́n ń jókòó pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń tú ìwé ìkọ́ni palẹ̀, wọ́n sì ń bi ara wọn bí ọmọ ṣe máa rò ó. Tó bá jẹ́ pé oyè nìkan ló ń kọ́ ọmọ, òdìkejì ohun tí Ma rí ni ì bá rí.

Ẹ tún wo ìyókúrò. Wọ́n ní kí ọmọ yọ 17 kúrò nínú 42, ó kọ 35, nítorí pé ó rí 7 àti 2, ó sì yọ èyí tó kéré kúrò lára èyí tó pọ̀. Olùkọ́ tí kò mọ̀dí á ní ọmọ kò fọkàn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí èdè wa ti ń pe 17: mẹ́tàdínlógún, ogún tó dín mẹ́ta. Mú ogún kúrò nínú méjìlélógójì, ó ku méjìlélógún. O ti mú mẹ́ta lé, dá a padà, ó di márùndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀nà tó yanjú ìṣirò náà wà nínú orúkọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀, lẹ́nu ọmọ tó bá ṣì ń gbọ́ òǹkà Yorùbá nílé. Mélòó nínú àwọn olùkọ́ wa ni wọ́n kọ́ láti lò ó?

Ìbéèrè yẹn ló mú inú ẹni bàjẹ́ jù, nítorí pé a ti ṣe irú rẹ̀ rí nílẹ̀ yìí. Ní ọdún 1970, ní Yunifásítì Ifẹ̀, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan: wọ́n fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan láàyè tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ohun tí a máa ń gbàgbé ni pé wọ́n kọ ìwé fún ètò náà, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ dà tí wọ́n kọ́ fún un? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó sì fi bí àwọn ọmọ ṣe ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB ṣe ẹ̀rí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025 ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà 2022 tó dáyé. Wọ́n dá èdè lẹ́bi, wọ́n sì fi iṣẹ́ tí wọn kò kọ́ ẹnikẹ́ni ṣe sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Ẹ wá wo bí a ti ń ṣe olùkọ́ lónìí. Ní ọdún 2023, nínú máàkì 400 tí JAMB ń fúnni, 140 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n fún yunifásítì. Fún kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, 100 ti tó. N kò fi èyí bú olùkọ́ kankan, ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn iṣẹ́ náà látọkànwá. Ìjọba ló fi òǹtẹ̀ lù ú pé iṣẹ́ àṣàkù ni. Lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì á lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni, èyí tí wọ́n ń pè ní TP, fún sáà kan. Ẹni tó wá wò ó á jókòó sẹ́yìn kíláàsì níwọ̀n ìgbà díẹ̀, á kọ máàkì, á lọ. Mẹkáníìkì kì í fi ọkọ̀ lé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ á fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin dúró ti ọ̀gá rẹ̀ kó tó gba òmìnira. Orí ọmọ ni àwa fi ń dánra wò láìsí ọ̀gá nítòsí. Tí olùkọ́ náà bá sì ti wọ iṣẹ́ ìjọba, sẹminá ọlọ́jọ́ méjì ni: gbọ̀ngàn ńlá, ìrẹsì, ìwé-ẹ̀rí, kò sí ọmọ kan níbẹ̀, kò sí ẹni tó bá a dé kíláàsì rẹ̀ lẹ́yìn náà. Láti ọdún 2016, ètò N-Power kó àwọn tó gboyè yunifásítì lọ sí ilé ìwé láti kọ́ni; ó fún ọ̀dọ́ ní owó díẹ̀, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò sọ wọ́n di olùkọ́. Ní ọdún 2013, Ọ̀ṣun pín Ọpọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà àfọwọ́tẹ̀, fún àwọn ọmọ girama. Ìwé pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ìwé kò lè béèrè ìbéèrè búrẹ́dì yẹn. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ohun tó yẹ kí a ṣe kò ṣòro. Àwọn ará Japan ti ń ṣe é láti ìgbà pípẹ́. Olùkọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún láti ilé ìwé tó sún mọ́ra á pàdé, wọ́n á mú ẹ̀kọ́ kan péré, ká ní ìyókúrò, wọ́n á jọ múra rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn á kọ́ ọ ní kíláàsì tòótọ́, àwọn yòókù á jókòó. Kì í ṣe olùkọ́ ni wọ́n ń wò, ọmọ ni: ta ló dáwọ́ dúró, níbo ló ti ṣìnà, kí ló kọ sílẹ̀ kó tó pa á rẹ́? Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á tún un ṣe, ẹlòmíràn á sì kọ́ ọ ní kíláàsì tirẹ̀. Ọ̀sán kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì ti tó, owó ọkọ̀ sì ni ìnáwó rẹ̀ tó pọ̀ jù. Kò sí tíṣà tí yóò fi ọdún kan ṣe èyí tí kò ní yí padà. Àjọ JICA ti Japan bá Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò SMASE ní ọdún 2006 lórí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, pẹ̀lú ìlànà pé kí olùkọ́ gbèrò, kó ṣe é, kó wò ó, kó tún un ṣe. Kaduna, Niger àti Plateau ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá, tó ń fi ìwé kíkà yangàn láti ìgbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955, kò gbọdọ̀ dúró de àlejò kó tó ṣe irú rẹ̀.

Èkejì ni pé kí olùkọ́ kan yéé kọ́ gbogbo iṣẹ́ láti kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà. Ẹni tó gbóná nínú ìṣirò nínú ilé ìwé náà ni kó gba ìṣirò kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹni tó mọ Yorùbá gba tirẹ̀. Kò sí ẹni tuntun tí a fẹ́ gbà síṣẹ́. Àtòjọ àkókò nìkan la fẹ́ yí. Ní abúlé tí olùkọ́ kò ju mẹ́ta lọ, kí ilé ìwé méjì pín ọ̀kan lò. Yàtọ̀ sí èyí: kí wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ fisíìsì tàbí ìṣirò ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Kí TRCN, àjọ tó ń fún olùkọ́ ní ìwé àṣẹ, wo iṣẹ́ olùkọ́ nínú kíláàsì kó tó sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun. Kí àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tí àjọ NERDC ṣe ní èdè mẹ́sàn-án dé ọwọ́ tíṣà. Kí wọ́n fi àwọn àgbà olùkọ́ tí òfin 2022 fún láyè láti ṣiṣẹ́ títí dé ọdún 65 ṣe ọ̀gá fún àwọn tuntun. Kí láàbù ṣí láti kíláàsì SS1, kì í ṣe nígbà tí WAEC bá ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Wọ́n á ní owó dà? Òfin UBE ti ọdún 2004 pa á láṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kí ìpínlẹ̀ sì mú tirẹ̀ wá kó tó gbà á. Àwọn ìpínlẹ̀ wà tí wọ́n fi owó náà sílẹ̀ láìgbà nítorí pé wọn kò mú tiwọn wá. Wọ́n á ní bí a bá kọ́ wọn tán, wọ́n á jápa. Lóòótọ́, àwọn kan á lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ti àwùjọ olùkọ́, kì í ṣe ti ẹnì kan: bí ọ̀kan bá lọ, mẹ́rin kù, ìwé tí wọ́n jọ kọ sì wà nílé ìwé.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá tún lọ sí ìpàdé PTA, ẹ béèrè ohun kan: ọjọ́ wo ni olùkọ́ ìṣirò ọmọ wa jókòó kẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti múra ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀? Bí wọn kò bá rí ọjọ́ kankan dá fún yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jọ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gbé e lọ bá SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín.