Kíì Kan Kò Tó fún Ẹni Tó Ń Ta Gìtá Báàsì

Wọ́n máa ń sọ fún àwa ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Ṣáà mọ kíì kan dáadáa, ó ti tó." Èmi kò gbà. Ìmọ̀ràn yìí kò dára, ó sì ń dójú tì wá láàárín àwùjọ.

Ó ti dójú ti èmi náà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ládùúgbò wa ní Fájuyì, Adó-Èkìtì, màmá àgbà kan dìde, ó dá orin ọpẹ́. Kò bi ẹnikẹ́ni ní kíì tí òun yóò fi kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù wá ohùn màmá, ó tẹ bọ́tìnnì transpose, ó sì ń bá kíì C tó mọ̀ lọ. Gìtá tèmi kò ní bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀, kíì C nìkan ni wọ́n sì kọ́ mi. Mo ń wá ohùn kiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù lóru, títí wọ́n fi ní kí n pa gìtá.

Nígbà tí mo délé, mo jókòó ṣírò rẹ̀. Okùn mẹ́rin ni báàsì ní: E, A, D àti G. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá ni à ń pè ní fret. Láti orí okùn tí a kò fi ìka tẹ̀ títí dé fret kọkànlá, ohùn 12 ló wà níbẹ̀. Ní fret kejìlá, ohùn àkọ́kọ́ a tún padà wá, ó kàn ga sí i ni. Okùn 4 lọ́nà 12 jẹ́ 48. Àwa tí a há ìpínlẹ̀ 36 àti olú-ìlú wọn sórí, tó jẹ́ orúkọ 72, ṣé a lè ní 48 pọ̀ jù?

Ọ̀nà tí mo gbà kò le. Mo ń mú ohùn kan lójúmọ́, mo ń wá a lórí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ń pe orúkọ rẹ̀ sókè. C wà ní fret kẹjọ lórí okùn E, ẹ̀kẹta lórí A, ẹ̀kẹwàá lórí D, ẹ̀karùn-ún lórí G. Bí kò bá sí iná, mo ń gbé àgbọ̀n lé ara gìtá kí n lè gbọ́ ọ.

Àwọn kan yóò ní ọ̀pọ̀ àgbà tó ta gìtá jùjú kò mọ orúkọ ohùn kankan. Orúkọ ni wọn kò mọ̀, wọ́n mọ ibi tí ohùn wà, nítorí wọ́n fi ọdún púpọ̀ jókòó ti ọ̀gá. Ẹ wo dùndún náà: bí onílù bá mọ ohùn òkè nìkan, kí ni ìlù rẹ̀ lè sọ?

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ má bẹ̀rù pé yóò dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú 15 ni mo ń lò, lẹ́yìn iṣẹ́ àṣetiléwá.

N kò tíì mọ̀ ọ́n tán. Àwọn fret tó sún mọ́ ara gìtá ṣì ń rú mi lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá yẹn tún dá orin lóṣù tó kọjá, mo ti rí ohùn rẹ̀ kó tó parí ìlà kejì.

Ẹ̀yin olùkọ́ orin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wa ní gbogbo ọrùn gìtá. Màmá kò ní bi wá ní kíì tí a mọ̀ kó tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run rẹ̀.