Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù Tí Ó Ti Gbó: Wíwọ̀n Ni Kí Ó Ṣáájú Rírà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Bí òwe yìí ti bá ọ̀ràn ara ènìyàn mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá ọ̀ràn ẹ́ńjìnnì mu. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì alùpùpù tí ó ti pẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, tí ó ń mu òróró bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, tí kò sì lè gun òkè mọ́, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni tí ó ni ín ni pé kí ó wá àtúnṣe tí owó rẹ̀ kéré jù lọ. Kò burú kí ènìyàn ṣọ́ owó ná. Ohun tí ó burú ni kí ó ra oògùn kí ó tó mọ àrùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi alùpùpù Honda C70 ṣe àpẹẹrẹ. Inú ìdílé àwọn alùpùpù tí à ń pè ní Super Cub ni ó ti jáde, èyí tí ilé iṣẹ́ Honda bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ilẹ̀ Jàpáànù ní ọdún 1958. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2017, iye àwọn alùpùpù ìdílé yìí tí wọ́n ti ṣe jáde káàkiri ayé ti pé 100,000,000. Ẹ́ńjìnnì C70 kò tóbi rárá. Sílíńdà kan ṣoṣo ni ó ní. Fífẹ̀ ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 47, ìrìn písítìn láti ìsàlẹ̀ dé òkè sì jẹ́ mìlímítà 41.4. Síbẹ̀, bí ó ti kéré tó náà ni ó lágbára tó, bí a bá tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà tí bàbá rẹ̀ fi irú alùpùpù yìí sílẹ̀ fún. Òun ni bàbá náà ń gùn lọ sí oko kòkó. Òun náà ni ọmọ wá ń gùn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ibùsọ̀ mẹ́jọ sí ilé. Nígbà tí èéfín pọ̀ jù, ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ atún-alùpùpù-ṣe kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọkùnrin náà ta á lẹ́ẹ̀kan, ó wo èéfín, ó sì wí pé: "Tíṣà, ríìngì lásán ni. Ẹ mú owó wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ó gùn ún lọ sí ilé." Bí ó ti wí náà ni ó rí. Ṣùgbọ́n oṣù méjì kò tíì pé tí èéfín tún fi dé, ó sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Owó ti lọ, àrùn kò lọ.

Kí ni ó fà á? Ríìngì tuntun rí róbótó, ṣùgbọ́n ihò sílíńdà tí ó ti gbó kì í rí róbótó mọ́. Ní apá òkè, níbi tí ríìngì ti ń yí padà, tí iná sì ti mú jù, ni ó ti máa ń jẹ jù lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ihò náà a dàbí ẹyin, òkè rẹ̀ a sì fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Ẹni tí ó fi ríìngì tuntun sínú irú ihò bẹ́ẹ̀ dàbí ẹni tí ó fi ọmọrí róbótó bo ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́: oru kò ní ṣàì máa jáde.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí a dáhùn kí owó tó jáde nínú àpò. Èkíní ni pé, níbo ni èéfín ti ń wá? Bí ó bá jáde nígbà tí a kọ́kọ́ ta alùpùpù ní òwúrọ̀, tí ó sì dáwọ́ dúró láìpẹ́, ó ṣeé ṣe kí òróró máa jò gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá fáàfù. Bí ó bá ń jáde nígbà gbogbo tí alùpùpù ń gun òkè, ríìngì àti sílíńdà ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Nígbà tí a bá sì ti ṣí orí ẹ́ńjìnnì, kí a dojú rẹ̀ délẹ̀, kí púlọ́ọ̀gì wà ní ipò rẹ̀, kí a da epo bẹntiróòlù díẹ̀ sí i. Bí epo bá jò gba ìdí fáàfù, fáàfù kò pa ẹnu dé dáradára.

Èkejì ni pé, báwo ni sílíńdà ti jẹ tó? Ojú lásán kò lè dáhùn èyí. Òṣùwọ̀n ni a ó fi wọn ihò náà ní òkè, ní àárín àti ní ìsàlẹ̀, ní ìbú àti ní òró. Ẹ̀kẹta ni pé, ǹjẹ́ kọ́nírọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí ó ń gbé písítìn, ṣì le? Bí ó bá ń mì sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kò ní láburú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣe gbọ̀ngbọ̀n sókè sódò ní ìdí rẹ̀, ó ti jẹ nìyẹn, àtúnṣe òkè nìkan kò sì lè gbà á là.

Ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ni yóò yan ọ̀nà. Bí ihò bá ṣì rí bí ó ti yẹ, ríìngì nìkan tó. Bí ó bá ti jẹ, a ó gbẹ́ ẹ fẹ̀, a ó sì fi písítìn tí ó tóbi díẹ̀ sí i. A máa ń rí èyí tí ó fi mìlímítà 0.25, 0.50, 0.75 tàbí 1.00 ju ti àkọ́kọ́ lọ. Písítìn ni kí a kọ́kọ́ rà, kí agbẹ́lẹ̀ irin tó fọwọ́ kan sílíńdà, nítorí pé ara písítìn náà gan-an ni ó gbọ́dọ̀ fi wọn ihò tí yóò gbẹ́.

Àwọn kan yóò ní kí a yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kúrò, kí a ra tuntun láti ilẹ̀ Ṣáínà, nítorí irú èyí tí wọ́n fi ti Honda ṣe àwòkọ́ wà tí ó lè wọ inú férémù náà. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn. Bí a bá ti gbẹ́ sílíńdà títí tí kò ṣeé gbẹ́ mọ́, tí kọ́nírọ́ọ̀dù sì ti jẹ, ó lè jẹ́ pé èyí ni yóò dín ìnáwó kù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé alùpùpù, ẹni tí ó bá pààrọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ìwé náà ṣe pẹ̀lú.

Olùkọ́ náà fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fún oṣù méjì, ó ń tọ́jú owó. Lẹ́yìn náà ni ó gbé alùpùpù lọ sí ọ̀dọ̀ àgbàlagbà kan ní ìlú tí ó ní òṣùwọ̀n. Bàbá náà wọ̀n ọ́n, ó fi nọ́ńbà hàn án, ó ní: "Ọmọ mi, kọ́nírọ́ọ̀dù bàbá rẹ ṣì le. Sílíńdà ni ó ti jẹ. Lọ ra písítìn tí ó fi 0.50 tóbi, kí o sì mú un wá kí n tó gbẹ́ ohunkóhun." Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n lọ fáàfù, wọ́n fọ asẹ́ òróró mọ́, olùkọ́ sì fi sùúrù gùn ún ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, láìdi ẹrù wúwo lé e. Èéfín dópin.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó ju ti alùpùpù lọ. Kì í ṣe ẹni tí ó ná owó kékeré ni ó ṣọ́ owó ná, bí kò ṣe ẹni tí kò ná an lẹ́ẹ̀mejì lórí ohun kan náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá sì wọ̀n kí a tó rà, àbámọ̀ kì í gbẹ̀yìn rẹ̀.