Omi Tó Tán Kí Ẹni Ìkẹyìn Tó Dé

Bí wọ́n bá ti sá máratọ́ọ̀nù Èkó tán lọ́dọọdún, orúkọ bíi mẹ́ta ni ìròyìn sábà máa ń gbé jáde: ọkùnrin tó ṣáájú, obìnrin tó ṣáájú, àti ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ wọlé. Bó ṣe rí nìyẹn láti oṣù kejì ọdún 2016, nígbà tí Abraham Kiptum láti Kenya gbégbá orókè lábẹ́ ìjọba Gómìnà Akinwunmi Ambode, tí àwọn ará Kenya àti Ethiopia sì ti sábà máa ń wà níwájú láti ìgbà náà. Ó ṣòro kéèyàn tó rí ìròyìn tó béèrè agogo mélòó ni ẹni tó kẹ́yìn wọlé, kí ló bá níbẹ̀, àti ta ló fún un lómi lọ́nà. Lójú tèmi, ìbéèrè yìí gan-an ló yẹ ká fi díwọ̀n eré náà. Kò sí ìlú tó máa ṣòro fún láti tọ́jú ẹni tó yára: ọkọ̀ ọlọ́pàá ń lọ níwájú rẹ̀, ọ̀nà ṣófo, omi kún orí tábìlì, àwọn akọ̀ròyìn ti gbé kámẹ́rà dúró dè é. Ẹni tó máa lo wákàtí mẹ́fà tàbí méje lójú ọ̀nà ló ń dán àwọn tó ṣètò eré wò, òun náà ni wọ́n sì máa ń gbàgbé jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Máratọ́ọ̀nù jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Ẹni tó bá fi nǹkan bíi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sá a yóò ti wọlé kí oòrùn tó mú, torí kùtùkùtù ni wọ́n máa ń tú wọn sílẹ̀ níwájú Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè. Ẹni tó bá lo wákàtí méje ń rin kìlómítà mẹ́fà ní wákàtí kan, ìyẹn ìrìn ẹni tí iṣẹ́ ń pè. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò dé kìlómítà 30 lẹ́yìn wákàtí márùn-ún. Bí wọ́n bá tú wọn sílẹ̀ ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, agogo mọ́kànlá ààbọ̀ lu nìyẹn. Àwọn tó mọ̀ nípa ara sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ní nǹkan bíi kìlómítà 30 ni ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan sábà máa ń tán, tí ẹsẹ̀ á kọ̀, tí èrò ọkàn pàápàá á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ìgbà tí agbára ń tán lára rẹ̀ gan-an ni oòrùn ń le. Ó ti kọjá lórí Afárá Third Mainland, tó gùn ju kìlómítà mọ́kànlá lọ láìsí igi kan lórí rẹ̀, ooru ń ti orí kọnkéré bọ̀. Ó ku Ìkòyí àti afárá tó so ó mọ́ Lẹ́kkí, kó tó dé Eko Atlantic, ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn gbà lọ́wọ́ òkun, níbi tí òjìji ti ṣọ̀wọ́n. Eré tí ẹni yìí ń sá àti èyí tí ẹni àkọ́kọ́ sá kì í ṣe ọ̀kan náà. Tirẹ̀ gùn ní ìlọ́po mẹ́ta lójú aago, ó sì gbóná jù ú lọ.

Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ìṣètò bá gbàgbé èyí kò fara sin. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 2007, ooru mú ní Chicago lọ́jọ́ máratọ́ọ̀nù wọn kọjá ohun tí wọ́n ń retí lásìkò náà, ó lé ní 30 ní ìwọ̀n Celsius. Àwọn tó yára sá tiwọn tán. Ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ lẹ́yìn tí eré bẹ̀rẹ̀, àwọn aláṣẹ dá a dúró, wọ́n ní kí àwọn tó kù máa rìn tàbí kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ tó wà lẹ́yìn sọ pé àwọn dé ìdí tábìlì omi, ife òfìfo làwọn bá. Àwọn tó ṣètò ní omi wà. Ẹni yòówù kó jàre, àwọn tó wà lẹ́yìn ni àríyànjiyàn náà dá lé lórí, kì í ṣe àwọn tó ṣáájú. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, Chicago gbé ètò àsíá aláwọ̀ kalẹ̀ sójú ọ̀nà: àwọ̀ ewé bí ara bá lè gbà á, pupa bí ewu bá ti ń sún mọ́ ọn, dúdú bí eré bá ti parí tipátipá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ooru tó da Chicago rú lọ́jọ́ yẹn kò ju ooru ọ̀sán kan lásán l'Ékòó lóṣù kejì lọ. Ohun tó jẹ́ àjálù níbẹ̀ ni ojoojúmọ́ tiwa.

Omi nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni kí a kàn da omi sílẹ̀ kò tó. Àwọn oníṣègùn yẹ ẹ̀jẹ̀ asáré 488 wò lẹ́yìn máratọ́ọ̀nù Boston ọdún 2002. Ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí omi tí wọ́n mu pọ̀ ju èyí tí wọ́n là ní òógùn lọ. Àwọn tó lo ju wákàtí mẹ́rin lọ lójú ọ̀nà wà lára àwọn tó wà nínú ewu jù. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tó lọ́ra nílò ẹni tó mọ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó lè mọ̀ bóyá òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ tàbí iyọ̀ ló tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí òògùn ọ̀kan lè pa èkejì. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá ti ká àgọ́ wọn kúrò ní kìlómítà 35 kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó débẹ̀, àwọn tí kò nílò wọn ni wọ́n tọ́jú.

Ìlú London, tí ayé ń wò bí àwòkọ́ṣe, ṣe àṣìṣe tirẹ̀ lọ́dún 2019. Àwọn asáré tó wà lẹ́yìn pátápátá, tí àwọn tí wọ́n yàn láti máa sá lọ pẹ̀lú wọn ní ìwọ̀n wákàtí méje ààbọ̀ sì wà láàárín wọn, sọ pé wọ́n ti ń palẹ̀ tábìlì omi mọ́ níwájú àwọn, pé ọkọ̀ ìgbálẹ̀ ń lé àwọn lẹ́yìn, pé àwọn òṣìṣẹ́ kan tilẹ̀ ń bú àwọn pé àwọn sanra jù, pé àwọn lọ́ra jù. Ọ̀gá eré náà, Hugh Brasher, bẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Èyí tó wù mí jù ni ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀lé ẹ̀bẹ̀ náà: wọ́n kó àwùjọ kan jọ tí iṣẹ́ wọn ni láti máa rìn bọ̀ lẹ́yìn gbogbo èrò ní ìwọ̀n wákàtí mẹ́jọ, kí ẹnikẹ́ni má baà dá wà lẹ́yìn. Wọn ò ra ẹ̀rọ kankan, wọn ò kọ́ ilé kankan. Èèyàn ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí a fi ń wàhálà orí bẹ́ẹ̀ nítorí ẹni tí kò lè sáré. Ìdáhùn wà nínú ìtàn àwọn eré náà fúnra wọn. Ní 1970, èèyàn 127 ló bẹ̀rẹ̀ máratọ́ọ̀nù New York nínú ọgbà Central Park, 55 ló sì parí rẹ̀. Lónìí, èèyàn ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń parí rẹ̀ lọ́dún kan. Àwọn tó ń sá fún ife kò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láé. Àwọn tó wá fún ìdí mìíràn ló kún ojú ọ̀nà. Eré London, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1981, ti kó ju bílíọ̀nù kan owó pọ́n-ùn jọ fún àwọn ẹgbẹ́ àánú, ogunlọ́gọ̀ tí kò ní ìrètí ife kankan ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà jọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹnì kan wá torí dókítà sọ fún un pé ìfúnpá rẹ̀ ga, òmíràn torí ìyá rẹ̀ tó kú, òmíràn torí ọ̀rẹ́ pè é níjà níbi iṣẹ́. Fred Lebow, tó sọ New York di ohun tó dà, kò sá a gba inú àwọn àgbègbè márààrún ìlú náà rí, àfi ní 1992 nígbà tí jẹjẹrẹ ti mú un nínú ọpọlọ. Grete Waitz ará Norway, tó gba ipò kìn-ín-ní níbẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án, ló bá a rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 32 ni wọ́n lò. Obìnrin kan náà wà, Zoe Koplowitz, tí àrùn kan tó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ mú kó máa fi ọ̀pá rìn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló sá New York yìí, tó ń lò ju ogún wákàtí lọ. Ìlú tó fàyè gba àwọn wọ̀nyí náà ni gbogbo ayé ń du àyè láti sáré níbẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti ojú ọ̀nà, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń sá ti Èkó. Sátidé l'ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ òkú, ọjọ́ ọjà. Ẹni tó ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn, onídánfó tó ní láti san owó ọkọ̀ ọjọ́ yẹn, ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n dí: gbogbo wọn ni eré náà ń gbówó lọ́wọ́ wọn láìbéèrè. Bí a bá ní kí wọ́n ti ọ̀nà pa títí di agogo mẹ́ta ọ̀sán nítorí èèyàn igba, ìwà ìkà ni. Àmọ́ ohun tí mò ń sọ kọ́ nìyẹn. Kò sí ìdí tí ọ̀nà tí ẹni ìkẹyìn ti kọjá fi gbọ́dọ̀ wà ní títì. Bí àwùjọ tó ń rìn lẹ́yìn bá ti kọjá Sùúrùlérè, kí ọkọ̀ máa lọ ní Sùúrùlérè. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, kí afárá ṣí. Ní Ìkòyí, níbi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà, ẹni tó bá pẹ́ ju wákàtí tí wọ́n dá lè gba ibẹ̀ lọ, kí ọkọ̀ sì gba àárín títì. Ohun tó ń bí ará Èkó nínú ni kó wà nínú ọkọ̀ kó má mọ ìgbà tí ọ̀nà máa ṣí. Bí LASTMA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ l'Ékòó, bá kéde agogo tí apá kọ̀ọ̀kan máa ṣí, tí wọ́n sì pa á mọ́, ọ̀pọ̀ ìbínú yẹn á rọlẹ̀.

Àwọn mìíràn sọ pé ìje ni ìje, pé ẹni tí kò bá ti múra sílẹ̀ kó dúró sílé. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ẹni tí kò rin kìlómítà mẹ́wàá rí kò gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ sí kìlómítà 42, kí dókítà tó rí i pé kò lè tẹ̀ síwájú mọ́ sì dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo Comrades ní Gúúsù Áfíríkà, eré tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 90 láàárín Durban àti Pietermaritzburg, tí wọ́n ti ń sá láti 1921. Òfin aago ibẹ̀ le púpọ̀. Bí wákàtí méjìlá bá ti pé, wọ́n á yin ìbọn, ilẹ̀kùn á tì, ẹni tó ku ìṣísẹ̀ kan fún kò parí nìyẹn, ẹni tó ń yìnbọn á tilẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí àwọn tó ń bọ̀ kó má baà rí wọn. Síbẹ̀, èrò kì í kúrò ní pápá títí ìbọn yẹn á fi dún, orúkọ ẹni tó wọlé kẹ́yìn kí ìbọn tó dún sì máa ń di ìròyìn. Àwọn asáré ibẹ̀ a máa kó ara wọn jọ sínú ohun tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀sì, ẹnì kan tó mọ ọ̀nà dáadáa á di dírẹ́bà, yóò ṣírò ìgbà tí wọ́n á sá àti ìgbà tí wọ́n á rìn, kí gbogbo wọn lè wọlé pọ̀ láàárín aago. Òfin tó le àti ọ̀wọ̀ fún ẹni tó lọ́ra kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni òfin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ títí ọkọ̀ tó ń palẹ̀ mọ́ fi dé ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo tún gbọ́ èyí tó sọ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pẹ́ ń gun ọ̀kadà lọ́nà, kí wọ́n lè gba mẹ́dàlì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá wà, ẹ̀rọ kékeré tó wà lára nọ́ńbà asáré àti rọ́gì tó ń ka ẹ̀rọ náà lójú ọ̀nà ló ń tú wọn fó. Ẹ má ká rọ́gì yẹn kúrò kí olóòótọ́ tó dé ibẹ̀, torí bí ẹ bá ti ká a, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí olè.

Owó tí èyí ń béèrè kò pọ̀: omi inú ọ̀rá fún wákàtí méjì sí i, àwọn èèyàn díẹ̀ tí wọ́n á máa rìn lẹ́yìn, ọkọ̀ kan tí ẹni tí ẹsẹ̀ bá kọ̀ fún lè wọ̀ láìtijú, àgọ́ dókítà tí kò ní kúrò kí àwùjọ ẹ̀yìn tó kọjá. Ó yẹ kí àwọn onígbọ̀wọ́, tí orúkọ wọn hàn gàgàrà lára aṣọ gbogbo asáré láti ẹni àkọ́kọ́ títí dé ẹni ìkẹyìn, kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn wọn kí wọ́n tó san kọ́bọ̀: agogo tí ìlà ìparí máa tì, kí wọ́n kéde rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, omi, dókítà àti rọ́gì, kí wọ́n wà níbẹ̀ títí di agogo náà. Bí àwọn olùṣètò bá sì ń gbé àbájáde jáde, kí wọ́n má ṣe dúró lórí ẹni ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́. Kí gbogbo orúkọ wà níbẹ̀, pẹ̀lú wákàtí àti ìṣẹ́jú tí oníkálukú lò.