Ẹ̀rọ Gémù Tí Kò Lẹ́nu: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Náwó

Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu. Òwe yìí ti wà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ń jẹ́ gémù orí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ó bá ẹ̀rọ kan tí ó wọ ọjà ní ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá ọdún 2024 mu wẹ́kú. Ẹ̀rọ náà ni PlayStation 5 Pro, tí ilé-iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Jàpáàn ṣe. Ó lágbára ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, àwòrán rẹ̀ ń dán, owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún méje dọ́là. Síbẹ̀, kò ní ẹnu tí a ń ki àwo bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó jẹ àwo yóò lọ ra ẹnu náà lọ́tọ̀.

Lójú ẹni tí ń gbé Tokyo tàbí New York, èyí lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré. Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó, kò kéré rárá. Ní agbègbè yìí, àwo gémù kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Àwo tí ọmọkùnrin kan rà ní Ìkàrẹ́ lónìí lè wà ní Àkùngbá lọ́la, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, kí ó sì ti dé Ìwárò-Ọ̀kà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ títí tó sú u yóò fi ṣe pàṣípààrọ̀, tàbí kí ó tà á kí ó fi owó rẹ̀ kún òmíràn. Bí àwo ṣe ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ yìí ni ó mú kí eré tí a ṣe fún ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè di ohun tí ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ olùkọ́ lè fọwọ́ kàn.

Ìtàn ẹ̀rọ wọ̀nyí gan-an fi hàn pé orí yíyọ eré kúrò lára ẹ̀rọ ni òwò náà dúró lé. Ní ọdún 1976, ẹ̀rọ Fairchild Channel F jáde ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin adúláwọ̀ kan, Jerry Lawson, ló ṣáájú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe é. Òun ni ẹ̀rọ gémù inú ilé àkọ́kọ́ tí ènìyàn lè yọ eré kan kúrò nínú rẹ̀ kí ó sì ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ṣáájú rẹ̀, eré tí a bá kọ́ mọ́ inú ẹ̀rọ ni onílé yóò máa ṣe títí ayé. Láti ìgbà náà ni eré ti di ọjà ọ̀tọ̀, tí ó ṣeé rà, tí ó ṣeé tà, tí ó sì ṣeé yá ọ̀rẹ́.

Nígbà tí PlayStation 2 jáde ní Jàpáàn ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 2000, ó mú iṣẹ́ kejì wọlé: ó ń fi DVD hàn. Lásìkò náà, ẹ̀rọ DVD ṣì wọ́n gan-an, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Jàpáàn sì ra PlayStation 2 nítorí sinimá ju nítorí gémù lọ. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń dá ọmọ lára yá, tó sì ń dá bàbá àti ìyá lára yá. Èyí wà lára ìdí tí a fi ta ohun tó lé ní mílíọ̀nù 150 rẹ̀ káàkiri ayé, tí wọn kò sì dẹ́kun ṣíṣe é títí di ọdún 2013.

Àmọ́, ohun tó bá Jàpáàn mu kò fi gbogbo ara bá ilé Yorùbá mu. Ní àwọn ọdún náà, orí VCD ni púpọ̀ nínú sinimá àgbéléwò Yorùbá ti ń jáde. PlayStation 2 ń jẹ DVD, ó ń jẹ àwo orin, ṣùgbọ́n kò mọ VCD jẹ. Ìdílé tó bá fẹ́ wo eré Yorùbá lálẹ́ ní láti ní ẹ̀rọ VCD lọ́tọ̀. Bákan náà, àwọn tó ń ṣe DVD pín ayé sí ẹkùn-ẹkùn: ẹkùn kejì ni Yúróòpù, ẹkùn karùn-ún sì ni Nàìjíríà. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lè kọ ojúlówó DVD tí a ṣe fún ilẹ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó gidi ni a fi ra àwọn méjèèjì. Láti ìgbà náà ló ti yẹ kí oníbàárà mọ̀ pé kí á tó ra ẹ̀rọ, kí á kọ́kọ́ bèèrè oúnjẹ tó ń jẹ.

Ìbéèrè náà ti wá le sí i báyìí. PlayStation 3 tí ó jáde ní ọdún 2006 mú Blu-ray wọlé. PlayStation 4 ti ọdún 2013 ń jẹ DVD àti Blu-ray, ó sì ń fi sinimá inú fláàṣì hàn, ṣùgbọ́n ó kọ àwo orin. PlayStation 5 ti ọdún 2020 tó ní ẹnu ń jẹ DVD, Blu-ray àti èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ jù lọ, òun náà kò sì fọwọ́ kan àwo orin. Bàbá tó kó àwo orin Ebenezer Obey tàbí Síkírù Àyìndé Barrister jọ láti ọdún yìí wá kò ní rí i gbọ́ lórí ẹ̀rọ tí ọmọ rẹ̀ fi owó ńlá rà. Èyí tí kò lẹ́nu kò ní jẹ àwo kankan rárá: ohun gbogbo tí yóò ṣe, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti fà á.

Àwọn tó fara mọ́ ẹ̀rọ aláìlẹ́nu ní àwíjàre tiwọn, kò sì yẹ kí á fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Àwo máa ń ha, eruku ọyẹ́ sì máa ń ba ojú tí ẹ̀rọ fi ń kà á jẹ́. Nígbà tí PlayStation 5 kọ́kọ́ jáde, èyí tó lẹ́nu jẹ́ dọ́là 499, èyí tí kò lẹ́nu jẹ́ 399; ọgọ́rùn-ún dọ́là kì í ṣe owó tí à ń jù nù. Ẹni tó bá ń gbé ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti yá, tí iná kì í lọ, lè má rántí àwo mọ́ láéláé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò tirẹ̀. Kí ìjọba tó jọ̀wọ́ náírà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, bí 460 náírà ni dọ́là kan. Ní ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹ̀rọ ọgọ́rùn-ún márùn-ún dọ́là tí ì bá jẹ́ 230,000 náírà di 750,000. Ti ọgọ́rùn-ún méje dọ́là di mílíọ̀nù kan àti 50,000, kí a tó fi owó ọkọ̀ àti èrè oníṣòwò kún un. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fi ṣiṣẹ́ láìjẹ, láìmu, kí ó tó rà á.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Gémù bọ́ọ̀lù òde òní kan lè gba gígábáìtì àádọ́ta. Òmíràn kọjá ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gba àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láàyè láti fi ìdajì owó kún iye tí wọ́n ń gbà. Gbogbo wákàtí tí ẹ̀rọ náà fi ń fa eré sílẹ̀, iná gbọ́dọ̀ wà. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ yóò máa mu epo tí owó jálá rẹ̀ ti kọjá 1,000 náírà ní ìparí ọdún 2024, nígbà tí kò tó 200 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ẹni tó ní àwo náà lè máa ra dátà díẹ̀ fún àtúnṣe, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà ti wà lórí àwo.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó burú ju owó lọ. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí a lè mú nígbà tí a bá ń ṣí àkáǹtì PlayStation. Ọ̀dọ́ tó ń gbé abẹ́ òkè Ọ̀kà ní láti pe ara rẹ̀ ní ará Lọ́ńdọ̀nù tàbí ará Amẹ́ríkà kí ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì náà tó lè dá a lóhùn. Láti ìparí ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì kò jẹ́ kí káàdì náírà ná owó lókè òkun mọ́. Ọdún 2025 ni àwọn kan tó padà ṣí i. Káàdì ẹ̀bùn ni àwọn ọmọ ń wá kiri rà. Bí wàhálà bá dé, ta ni ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ará Lọ́ńdọ̀nù yóò fẹjọ́ sùn? Ẹ̀rọ aláìlẹ́nu kò sì ní ibòmíràn tí yóò ti jẹun ju ṣọ́ọ̀bù tí kò mọ̀ pé olówó rẹ̀ wà láyé.

Kódà ẹni tó rí i rà kò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Sony kéde pé àwọn ètò tẹlifíṣọ̀n Discovery tí àwọn oníbàárà ti fowó rà yóò pòórá kúrò lọ́wọ́ wọn. Ariwo ta, wọ́n sì dá ìpinnu náà dúró. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 2024, Ubisoft pa ẹ̀rọ ayélujára tó gbé gémù The Crew ró, eré náà sì kú mọ́ gbogbo ẹni tó rà á lọ́wọ́, àti ẹni tó ní àwo rẹ̀ pàápàá. Nítorí náà, àwo kì í ṣe ààbò pátápátá. Ṣùgbọ́n eré tí kò bá nílò íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì wà lórí àwo, kò sí ẹni tó lè ti òkèèrè wá gbà á. Ní Kalifọ́níà, wọ́n ṣe òfin ní ọdún 2024 pé ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ń ta irú ọjà yìí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé àṣẹ ìlò ni òun ń tà, kì í ṣe ohun ìní. Ó yẹ kí òǹrajà Àkókó gbọ́ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ilé gémù àdúgbò ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a. Ọ̀dọ́ kan ní yàrá kan, tẹlifíṣọ̀n, páàdì méjì àti àwo mélòó kan. Ó ń gba owó kékeré lórí ìdíje kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi bọ́ ara rẹ̀. Òtítọ́ ni pé àwọn òbí ní ẹ̀dùn ọkàn nípa irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ọmọ kan ń sá kúrò nílé-ìwé lọ síbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń ta tẹ́tẹ́. Kí àwọn baálẹ̀ àti àwọn òbí fòfin dè é pé ọmọ tó wọ aṣọ ilé-ìwé kò gbọ́dọ̀ wọlé. Èyí bójú mu. Ṣùgbọ́n bí àwo bá parẹ́, ilé gémù nìkan kọ́ ni yóò tì. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò ní 750,000 náírà yóò padà di òǹwòran lójú fèrèsé olówó.

Kí ni ṣíṣe? Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ, kí ó bèèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé ó lẹ́nu? Irú àwo wo ni ó ń jẹ? Ṣé yóò ṣiṣẹ́ bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí? Kódà ẹnu tí à ń rà lọ́tọ̀ nílò íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ so ó mọ́ ẹ̀rọ. Ọmọ Àkókó tó wà lókè òkun, tó fẹ́ fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí àbúrò, kí ó má wo ti ẹ̀dínwó nìkan; owó tó dín lọ́hùn-ún lè di gbèsè ọdọọdún nílé. Kí oníṣòwò ọjà Ìkàrẹ́ sọ òótọ́ fún oníbàárà kí ó tó gba owó.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀. Àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo òǹrajà ti fi hàn pé apá òun ká ilé-iṣẹ́ òkèèrè, nígbà tí ó bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta ní oṣù Keje ọdún 2024. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ gémù ìdí tí owó Nàìjíríà fi dára ní gbígbà, tí orúkọ Nàìjíríà kò sì ṣeé kọ sílẹ̀. Ohùn òǹrajà kì í ṣe òfìfo: ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, Microsoft fẹ́ kí Xbox One máa wá íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, kí ó sì dí ọ̀nà mọ́ yíyá àti títa àwo. Àwọn oníbàárà pariwo, ilé-iṣẹ́ náà sì yí ìpinnu padà kí oṣù náà tó parí.

Kò sí ẹni tó sọ pé kí Àkókó kọ ohun tuntun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn fi owó oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rà, tí kò lè yá ọmọ ìyá rẹ̀ láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, àgbàbọ̀ ni, bí ó tilẹ̀ wà nínú yàrá rẹ̀.