Kí ló dé tí ẹnu wa ò fẹ́ fi bisikí àti súkírérì sílẹ̀?

Ní àárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, ẹ dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bùtíìkì kan ní Akron, ní Àjàṣẹ́ níbí. Ẹ ó rí àwọn ọmọ tí wọ́n di owó wọn mọ́wọ́, ẹlòmíì 50 F, ẹlòmíì 100 F. Tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà tàbí ìyá ẹlẹ́kọ ni owó yẹn ń lọ. Nísinsìnyí, bùtíìkì ló ń gbà á: bisikí, bọ̀ǹbọ́, omi aláwọ̀ pupa inú ọ̀rá, indomie gbígbẹ tí wọ́n ń rún lẹ́nu lọ sí kíláàsì. Àwa àgbà ńkọ́? Àwa náà kò yàtọ̀. Ọbẹ̀ wo la ń sè tí a kì í ju kúùbù mẹ́ta mẹ́rin sí? Bí àlejò bá dé, ṣé kì í ṣe súkírérì la ń sáré lọ rà?

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀kánjúwà ni, pé ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ràn. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí: ọ̀kan wà nínú owó, èkejì wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe oúnjẹ náà.

Ọ̀rọ̀ owó àti ibodè

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀nà Igolo àti Kraké ni ọjà Nàìjíríà ń gbà wọlé sọ́dọ̀ wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà ṣíwọ́ dídi iye náírà mú. Kó tó di ìgbà yẹn, ní iye tí báńkì ń lò, 1000 náírà tó nǹkan bí 1300 F CFA. Nígbà tó di ọdún 2024, 1000 náírà kan náà ò ju nǹkan bí 400 F lọ. Lóòótọ́, ọjà wọ́n ní Nàìjíríà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó fi CFA lọ rajà lọ́hùn-ún rí èrè níbẹ̀.

Ẹ wá wò ó lójú oníṣòwò. Tòmátì ń rà, ẹja ń bàjẹ́, ẹ̀fọ́ ń rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bisikí àti indomie kì í bàjẹ́. Wọ́n fúyẹ́, wọ́n ṣeé tò, wọ́n lè wà lórí pẹpẹ fún oṣù mẹ́fà láìsí fìríìjì. Ta ni ò ní yan ìyẹn? Kì í ṣe ìkà ni oníbùtíìkì ń ṣe, oúnjẹ ọmọ tirẹ̀ náà ló ń wá. Ṣùgbọ́n ohun tó rọrùn fún un láti tà ni àwọn ọmọ wa ń jẹ.

Ohun tó wà nínú ọ̀rá náà

Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà kan, tí Kevin Hall ṣíwájú wọn, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú ogún ènìyàn sínú ilé kan fún oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi fún wọn ní oúnjẹ ilé-iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi fún wọn ní oúnjẹ tí a sè látinú ohun oko. Wọ́n ṣètò oúnjẹ méjèèjì kí ṣúgà, ọ̀rá àti iyọ̀ tí wọ́n gbé síwájú wọn lè dọ́gba, wọ́n sì ní kí oníkálùkù jẹ títí yóò fi yó. Kí ni wọ́n rí? Nígbà tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ilé-iṣẹ́, wọ́n ń jẹ nǹkan bí 500 kálórì lé sí i lójoojúmọ́, wọ́n sì sanra ní nǹkan bíi kílò kan. Nígbà tó kan oúnjẹ kejì, wọ́n fọn ní iye yẹn náà.

Kí ló fà á? Ọ̀kan ni pé oúnjẹ ilé-iṣẹ́ rọ̀, kò gba jíjẹ, kíá ló ti wọlé. Ikùn kì í sì í tètè ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé "mo ti yó". Ó máa ń tó nǹkan bí 20 mínítì. Kó tó ránṣẹ́, ọ̀rá bisikí kejì ti tán. Ìkejì ni pé a kì í sábà rí ohun tó dùn bíi ṣúgà, tó lọ́ràá bí òróró, tó sì níyọ̀, papọ̀ nínú ohun kan ṣoṣo nínú oko. Àwọn ilé-iṣẹ́ ló ń pa á pọ̀, wọ́n sì ń dán an wò títí ọpọlọ yóò fi máa béèrè rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń sunkún nítorí bisikí, ẹ má kàn nà án. Ohun tó ń bá jà lágbára ju òun lọ.

Kúùbù àti irú

Ìtàn kan wà tó yẹ kí a mọ̀. Ní ọdún 1908, ará Japan kan tó ń jẹ́ Kikunae Ikeda rí ohun tó ń mú omi ọbẹ̀ dùn mọ́ni lẹ́nu: glutamate ni. Ọdún yẹn gan-an ni kúùbù Maggi jáde ní Switzerland. Ṣùgbọ́n adùn tí wọ́n ń wá yẹn, àwọn ìyá wa ti ní in nínú ìkòkò tipẹ́tipẹ́. Irú ni, tí àwọn Gùn àti Fọ̀n ń pè ní afitin. Bí irú ṣe ń kan lábẹ́ ewé ni glutamate ń jáde nínú rẹ̀. A wá fi irú sílẹ̀ nítorí òórùn, a lọ ra adùn kan náà pẹ̀lú iyọ̀ púpọ̀.

Kúùbù kékeré kan máa ń tó gíráàmù 4, iyọ̀ sì máa ń tó ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni mẹ́rin bá jẹ ọbẹ̀ tó ní kúùbù mẹ́rin, gíráàmù 2 ti wọ ara oníkálùkù, a ò tíì ka iyọ̀ tí ẹ bù sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Benin ní ọdún 2015, nǹkan bí àgbàlagbà kan nínú mẹ́rin ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ ka àwọn tó wà nínú àgbàlá yín, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sílé.

Súkírérì náà rèé: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní nǹkan bí gíráàmù 10 ṣúgà nínú 10 cl. Ìgò 33 cl kan sún mọ́ hóró ṣúgà méje. Ta ni yóò fi méje sínú tíì rẹ̀?

Báwo la ṣe lè rajà?

Mi ò sọ pé kí a sá fún gbogbo ohun tí ọwọ́ ènìyàn ti kàn. Gàárì, èkọ, irú, wàgàṣì, gbogbo wọn ni a ti rò, tí a ti sè, tí a ti kan. Sàdíìnì inú agolo náà wúlò nílé. Ẹ wo nǹkan mẹ́ta péré.

Àkọ́kọ́, ẹ yí ọ̀rá náà padà, kí ẹ ka "ingrédients". Ohun tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ ṣáájú. Bí "sucre" tàbí "sirop de glucose" bá wà níwájú, ṣúgà lẹ ń rà. Bí wọ́n bá kọ "sodium", ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àbọ̀, ẹ ó rí iye iyọ̀.

Ìkejì, ẹ má yọ kúùbù lẹ́ẹ̀kan náà, ilé á dàrú! Ẹ dín in kù ní ẹyọ kan, kí ẹ fi irú, edé, àlùbọ́sà àti ata ilẹ̀ dípò rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ahọ́n á ti mọ́ ọn lára.

Ìkẹta, ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn yan ire. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ sí Ouando. Kí ọmọ náà jẹ èkọ àti àkàrà, tàbí àtàsì, kó tó jáde nílé. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ní sáré lọ sí bùtíìkì. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àlejò, adóyò tí ṣúgà rẹ̀ kéré àti ọsàn wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá ilé nìkan kò lè ja ogun yìí. Ní Chile, láti ọdún 2016, àmì dúdú ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ oúnjẹ tí ṣúgà tàbí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀jù, wọn ò sì gbọ́dọ̀ tà á nílé-ìwé. Nàìjíríà fi owó orí náírà 10 lé lítà ohun mímu dídùn kọ̀ọ̀kan. Níbí, ètò kàǹtíìnì tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PAM ní ọdún 2017 ti ń fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní oúnjẹ gbígbóná. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, nígbà ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé léèrè: kí ni wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ wa nígbà récréation? Ìyá alákàrà ńkọ́, ṣé ó ní àyè níbẹ̀? Bí kò bá ní, ẹ bá a wá àyè. Òun náà, ọmọ ló ń tọ́.