“Ẹ lọ wò ó lórí Google” kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìtàn

1.
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Mo fẹ́ bá tíṣà sọ̀rọ̀, mo fẹ́ bá òbí sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwa tí à ń ṣe fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì gan-an ni mo fẹ́ bá jà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ: ìtàn tí kò lè sọ ibi tó ti jáde wá kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì. 🧵

2.
Ẹ wá sí Alímọ̀ṣọ́ níbí, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndò. Iléèwé àdáni fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní gbogbo àdúgbò. Ọmọ á gbé iṣẹ́ àṣetiléwá délé: “Kọ ojú ewé méjì nípa Ogun Àgbáyé Kejì. Lo íntánẹ́ẹ̀tì.” Ó parí. Kò sí ìwé, kò sí ojú-òpó kankan tí wọ́n dárúkọ. Ọmọ á gba fóònù ìyá ẹ̀ ní ìsọ̀, fídíò àkọ́kọ́ tó bá yọjú ló máa dà kọ.

3.
Kí ló wà nínú fídíò àkọ́kọ́ yẹn? Lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán tí AI yà, ohùn tí AI fi kà á, orin tó ń dẹ́rù bani lábẹ́ ẹ̀, àti ẹnì kan tó ń pariwo pé “ohun tí wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ rèé!” Ta ni “wọn”? Kò sọ. Níbo lòun fúnra ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n? Kò sọ. Ọmọ á dà á kọ, tíṣà á fún un ní 8 nínú 10, ó tán.

4.
Kẹ́ ẹ tó bú tíṣà, ẹ jẹ́ ká rántí ibi tó ti wọ́. Láti sáà ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni ìjọba àpapọ̀ ti yọ ìtàn kúrò lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS. Kí ni wọ́n wí? Pé àwọn ọmọ ò fẹ́ ẹ, tíṣà ẹ̀ ò pọ̀, ẹni tó kà á jáde kì í ríṣẹ́. Ẹni tí orí ń fọ́, wọ́n wá bá a gé orí ọ̀hún sọnù.

5.
Ẹ ṣírò ẹ̀. Ọmọ tó wọ Primary 1 lọ́dún 2009 parí SS3 ní 2021. Tó bá dé SS, ó lè yan History o, ṣùgbọ́n ta ló máa yan ohun tí kò fojú rí rí? Ọdún 12 gbáko. Àwọn ọmọ yẹn ló ń jáde ní yunifásítì báyìí. Àwọn míì nínú wọn ti ń kọ́ni. Ẹni tá ò fún lómi mu la ní kó wá máa pọnmi fọ́mọ.

6.
Ní November 2022, Adamu Adamu tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà yẹn kéde pé ìtàn ti padà dé, pé wọ́n ti yan tíṣà 3,700 tí wọ́n máa kọ́kọ́ dá lẹ́kọ̀ọ́. Ó dáa. Ní 2025 wọ́n tún kéde pé ìtàn Nàìjíríà di dandan láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé girama. Ó dáa náà. Ṣùgbọ́n tíṣà 3,700 fún odindi Nàìjíríà, mélòó ló máa kan Alímọ̀ṣọ́? Mélòó ló máa kan iléèwé kékeré tí owó oṣù tíṣà ò tó owó ọkọ̀? Àwọn tó kù, íntánẹ́ẹ̀tì ni tíṣà wọn.

7.
Íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún sì dà bí ọjà Ìkòtún. Ojúlówó wà níbẹ̀, ayédèrú wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n pàtẹ sí, ẹni tó bá pariwo jù ló ń tà jù. Ẹ jẹ́ n fi ayédèrú méjì hàn yín.

8.
Àkọ́kọ́, ẹ ti rí i lórí WhatsApp. Pé ní ọjọ́ 2 oṣù February 1835, Lord Macaulay sọ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London pé òun rin Áfíríkà já, òun ò rí alágbe, òun ò rí olè, torí náà kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ òyìnbó ba àṣà wa jẹ́ kí wọ́n lè jọba lé wa lórí. Kì í ṣe Herbert Macaulay tiwa o, 1864 ni wọ́n bí ìyẹn.

9.
Irọ́ ni. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Calcutta nílẹ̀ Íńdíà ni Macaulay wà, kò sí ní London rárá. Àwọn ará Íńdíà náà ń pín ẹ̀dà tiwọn: “Íńdíà” ló wà níbi tí tiwa ti ní “Áfíríkà”. Ẹnì kan ló kàn yí orúkọ padà.

Ohun tó wá dùn mí jù nìyí. Ọjọ́ 2 February 1835 yẹn náà ni Macaulay kọ ìwé kan ní tòótọ́, lórí ètò ẹ̀kọ́ Íńdíà. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sọ níbẹ̀ pé pẹpẹ ìwé kan ṣoṣo nínú ilé ìkàwé òyìnbó tó dáa níye lórí ju gbogbo ìwé Íńdíà àti ti Lárúbáwá lọ. Ṣé ìwọ̀sí yẹn ò tó láti fi kọ́ ọmọ bí àwọn amúnisìn ṣe ń ronú ni? Kí ló dé tá a tún fi ń purọ́ mọ́ ọn?

10.
Ìkejì ni “lẹ́tà Willie Lynch”, tí wọ́n ní ọdún 1712 ni ọkùnrin kan fi kọ́ àwọn olówó ẹrú ní Virginia bí wọ́n ṣe máa dá àwọn ẹrú níjà láàárín ara wọn. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti tú u wò: ayédèrú ni, àwọn ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kì í ṣe èdè ọdún 1712. Síbẹ̀ lọ́dọọdún ni wọ́n ń tún un gbé jáde pẹ̀lú orin tuntun.

11.
Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ̀ ń gbé e jáde, mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: “Sis, à ń jẹ́ káwọn ọmọ fẹ́ràn ìtàn ni.” Rárá o, views lẹ̀ ń wá. Lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn bá fi ọ̀rọ̀ Macaulay gbèjà Áfíríkà níwájú ẹni tó mọ̀wé, tí wọ́n já a nírọ́, á rò pé gbogbo ìtàn Áfíríkà ni irọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa wà lórí ìdúró lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin á ti gba owó yín lọ.

12.
Àwáwí kejì: “Kò sí nǹkan gidi nípa wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òyìnbó ló kọ gbogbo ẹ̀.” Ẹ dákun ẹ jàre. Láti 1964 ni UNESCO ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ General History of Africa. Ìdìpọ̀ 8 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, àwọn ọmọ Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ ọ́. Ta ni olóòtú ìdìpọ̀ kẹfà? J.F. Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì. Gbogbo ẹ̀ wà lórí ojú-òpó UNESCO, kọ́bọ̀ kan ẹ ò ní san. Tí ìwé bá wúwo jù, Zeinab Badawi ti fi iṣẹ́ yẹn ṣe fídíò fún BBC, History of Africa, ó wà lórí YouTube.

13.
Òmíràn: slavevoyages.org. Ìrìn àjò ọkọ̀ ẹrú tó lé ní 36,000 ló wà níbẹ̀: orúkọ ọkọ̀, ibi tó ti kó èèyàn, ibi tó já wọn sí, iye tó wọlé, iye tó dé láàyè. Orúkọ èèyàn tó lé ní 91,000 tún wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú omi. Akọ̀wé tí ò gbọ́ èdè wọn ló kọ orúkọ wọn bí etí ẹ̀ ṣe gbọ́ ọ. Níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó ti ń họ orí, ọmọ Ìgàndò tó gbọ́ Yorùbá lè ka orúkọ kan sókè kó sì ní “àwa la ń jẹ́ báyìí!”

14.
Ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ 40 ìṣẹ́jú kan hàn yín. Ní 1821 wọ́n kó ìlú Òṣogùn, wọ́n mú ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí kan, Esperança Felix. Ní April 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n kó wọn lọ sí Freetown. Àjàyí yẹn ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ní 1864. Ní 1837, òun fúnra ẹ̀ kọ gbogbo ohun tójú ẹ̀ rí sínú lẹ́tà. Lẹ́tà náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

15.
Ní kíláàsì: ẹ ka ojú ewé kan nínú lẹ́tà. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí SlaveVoyages, ẹ wá àwọn ọkọ̀ tó kó èèyàn l'Ékòó ní 1822. Ẹ wá bi àwọn ọmọ: kí ni lẹ́tà sọ tí àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ò lè sọ? Kí ni àkọsílẹ̀ sọ tí ọmọdé inú ọkọ̀ ò lè mọ̀? Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta ẹrú títí di 1807 fi wá ń lé ọkọ̀ ẹrú kiri? Ọ̀yọ́ ti wọ̀ ọ́, Èkó ti wọ̀ ọ́, Potogí, London, Freetown, gbogbo wọn ti wọ̀ ọ́. Kò sí fídíò tó ń dẹ́rù bani níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa sùn.

16.
Ogun Àgbáyé Kejì tí wọ́n fi ṣe àṣetiléwá yẹn ńkọ́? Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ́-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, bá àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Burma. Ní 1944 ìbọn bà á. Àwọn àgbẹ̀ Mùsùlùmí abúlé kan bò ó mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án kí àwọn ọmọ ogun Japan má bàa rí i. Barnaby Phillips ṣe fíìmù ẹ̀ fún Al Jazeera ní 2011, The Burma Boy ló ń jẹ́. Ẹ tún lọ sí ojú-òpó Imperial War Museums, fọ́tò àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Burma wà níbẹ̀, ojúlówó fọ́tò, pẹ̀lú àlàyé lábẹ́ ẹ̀.

17.
Ẹni tó bá wá ní ìtàn àgbáyé jẹ́ ti òyìnbó, ká kọ́ tiwa nìkan, kó dákun bá mi pín in: ìtàn Fadoyebo, ṣé ti Ọ̀wọ̀ ni àbí ti Burma? Ìtàn Àjàyí, ṣé ti Òṣogùn ni àbí ti Freetown? Ọmọ tó bá mọ Òṣogùn láì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní London nígbà náà ò ní yé e láé ìdí tí ọkọ̀ ogun fi wá síbẹ̀.

18.
Kíákíá, àwọn míì. Digital Benin: láti 2022, ohun ọ̀nà Benin tó lé ní 5,000 àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lónìí. Archivi.ng: ìwé ìròyìn Nàìjíríà àtijọ́. Internet Archive: ìwé Samuel Johnson, The History of the Yorubas, tó jáde ní 1921. Ti Johnson náà, ẹ bi í ní ìbéèrè, pàápàá níbi tó ti kọ ìtàn àtẹnudẹ́nu pé Mẹ́kà la ti wá sílẹ̀. Ìwé àtijọ́ náà ń gbọ́ àgbọ́sọ.

19.
Mo ti ń gbọ́ yín: “Sister, dátà dà?” Òótọ́ ni. January 2025 ni NCC fọwọ́ sí i kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó 50% kún owó wọn. Mi ò ní bú tíṣà tó ń fowó ara ẹ̀ ra dátà. Ìdí nìyẹn gan-an tí “ẹ lọ wò ó lórí Google” fi jẹ́ ìwà ìkà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lówó ò wá a, ẹ wá ní kí ọmọ tí ò lówó fi dátà ìyá ẹ̀ wá a.

20.
Ohun tá a lè ṣe láì dúró de ẹnikẹ́ni: kí tíṣà kan wa ìdìpọ̀ kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó fi Xender pín in fún tíṣà márùn-ún. Ẹ tẹ ojú ewé lẹ́tà Crowther kan sórí pépà, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀. Kíláàsì 30 lè lo pépà mẹ́fà. Ẹni tó bá ń kọ́ni láì ní owó kankan ṣì lè kọ orúkọ ojú-òpó kan sí bọ́ọ̀dù dípò “lo íntánẹ́ẹ̀tì”.

21.
Èdè ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo nǹkan tí mo dárúkọ yìí. Ibi tíṣẹ́ àwa tí à ń ṣe fídíò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 1859 ni Ìwé Ìròyìn ti ń jáde ní Yorùbá l'Ábẹ́òkúta, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ayé ọjọ́un. Àwa tá a ní fóònù, ring light àti CapCut, ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí lẹ́tà Crowther lédè Yorùbá ló wá di wàhálà? Ẹ ṣe é. Kẹ́ ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i sábẹ́ ẹ̀.

22.
Ẹ̀yin ìjọba náà, ìkéde ti tó. Ẹ kó àwọn onímọ̀ ìtàn jọ, ẹ to àwọn ojú-òpó tó ṣeé gbára lé sílẹ̀ fún àkòrí kọ̀ọ̀kan nínú ètò ẹ̀kọ́, kí fáìlì ẹ̀ fúyẹ́. Ẹ bá àwọn iléeṣẹ́ fóònù sọ̀rọ̀ kó má jẹ dátà. Ẹ fún iléèwé àdáni inú kọ̀rọ̀ náà, ọmọ Nàìjíríà ló wà níbẹ̀.

23.
Kí ọmọ tó gba fídíò kankan gbọ́, kó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló sọ ọ́? Ọjọ́ wo ló sọ ọ́? Níbo ni mo ti lè rí i fúnra mi? AI náà, ìbéèrè kan náà ni. Tó bá dárúkọ ìwé kan, ẹ lọ ṣí ìwé náà, torí ó lè dá orúkọ ìwé sílẹ̀ bí ẹni ń lá àlá.

24.
Ẹ gbé thread yìí lọ sí group àwọn tíṣà àti group PTA. Tẹ́ ẹ bá mọ ojú-òpó míì tó lè sọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí, màá to gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá sì tún fi Macaulay yẹn ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn gbogbo àlàyé yìí, block ni o.